Òdòdó Igbó Leonardo: Àwòrán Kékeré Tí Ó Ṣẹ́kù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé bébà kékeré kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 16. Leonardo da Vinci, ọmọ ilẹ̀ Ítálì (1452–1519), ni ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa àti gègé onítàdáwà ya òdòdó igbó sí i ní nǹkan bí 1506 sí 1512. Ààfin Windsor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà, nínú àkójọ iṣẹ́ ọnà ọba.

Ewéko tí àwọn òyìnbó ń pè ní Ìràwọ̀ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni ó gba àárín bébà náà. Àwọn òdòdó igbó mìíràn yí i ká. Ewé rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń lọ́ yípo bí omi tí ń ru. Èyí kò yani lẹ́nu. Leonardo a máa wo bí omi ti ń ṣàn, a sì máa yà á sínú ìwé rẹ̀. Ojú tí ó fi wo omi ni ó fi wo ewé. Nítorí náà, àwòrán yìí kì í ṣe àdàkọ ohun tí ojú rí nìkan. Èrò ọkàn ayàwòrán wà nínú rẹ̀.

Kí ni ó yà á fún? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìpalẹ̀mọ́ ni fún àwòrán ńlá kan, àwòrán Leda. Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì, Leda ni ayaba tí Zeus, olórí àwọn òrìṣà wọn, para dà di ẹyẹ omi funfun láti bá lò pọ̀, tí ó sì yé ẹyin tí ọmọ ti inú rẹ̀ jáde. Ó yẹ, nígbà náà, kí ewéko rú yọ ní ẹsẹ̀ irú ayaba bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán ńlá náà ti sọnù. Ní 1625, Cassiano dal Pozzo rí i ní ààfin Fontainebleau ní ilẹ̀ Faransé. Orí pákó mẹ́ta ni a yà á sí, ó sì ti ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àdàkọ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, bí èyí tí ó wà ní Uffizi ní ìlú Florence, ni ó jẹ́ kí a mọ bí ó ti rí.

Báwo ni bébà ṣe wá pẹ́ ju pákó lọ? Olùtọ́jú ni ìdáhùn. Nígbà tí Leonardo kú, Francesco Melzi, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ni ó jogún àwọn ìwé rẹ̀, ó sì pa wọ́n mọ́ fún nǹkan bí 50 ọdún. Lẹ́yìn ikú Melzi ní nǹkan bí 1570, ìdílé rẹ̀ kò ka ẹrù náà sí. Oníṣẹ́ ọnà kan, Pompeo Leoni, gba púpọ̀ nínú wọn, ó sì dì wọ́n pọ̀. Nígbà tí yóò fi di 1690, àwọn àwòrán wọ̀nyí ti wà lọ́wọ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Bí ìwé bá ti jáde tán, a kì í sábà bìkítà mọ́ nípa àfọwọ́kọ rẹ̀; ó di ohun tí a fi ń wé àkàrà. Nígbà tí Leda ṣì wà lára ògiri ọba, ta ni ì bá sọ pé òdòdó orí bébà ni yóò jẹ́rìí sí i? A kò lè yan ẹlẹ́rìí fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ìtọ́jú ni iṣẹ́ tiwa.