Ìtàn Pẹ́ẹ̀mù àti Dàda

Nígbà mìíràn, ọ̀dọ́ kan lè wọ ilé onídìrí ní Ṣábẹ̀, kí ó sọ pé: "Ẹ bá mi ṣe dàda." Bí àgbàlagbà bá wà níjokòó níbẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní: "Ṣé wọ́n ń ṣe dàda ni? Ṣebí wọ́n ń bí i ni."

Àgbàlagbà náà kò purọ́. Lọ́dọ̀ wa, Dàda jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, bíi Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìgè àti Òjó. Ọmọ tí irun orí rẹ̀ ta kókó fúnra rẹ̀ láti kékeré ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fi òòyà yà á. Wọn kì í sì í gé e bí wọ́n ṣe ń gé ti àwọn ọmọ yòókù. Àwọn òbí mìíràn a máa so owó ẹyọ mọ́ ọn. Bí ọjọ́ àtigé e bá dé, wọ́n á ṣe ètùtù, wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á pe àwọn ọmọdé àdúgbò wá jẹun.

Orúkọ yìí kò jìnnà sí ìlú wa. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ méje ni Ọ̀kànbí, ọmọ Odùduwà, bí. Oníṣábẹ̀ ni ìkarùn-ún, Ọ̀rányàn ni àbíkẹ́yìn. Ọ̀rányàn yìí ló bí Àjàká, Aláàfin Ọ̀yọ́, arákùnrin Ṣàngó, tí à ń pè ní Dàda. Bí a bá tẹ̀ lé ìtàn Johnson, ọmọ àbúrò Oníṣábẹ̀ ni Dàda. Ọmọ ilé wa ni.

Dàda ti àwọn ọ̀dọ́ gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1930, wọ́n fi Haile Selassie jọba ní Etiópíà. Ras Tafari ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní erékùṣù Jàmáíkà, àwọn aláwọ̀ dúdú kan, tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà, gbà pé ọba yìí ni Ọlọ́run rán sí wọn. Wọ́n pe ara wọn ní Ràsítà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gé irun mọ́, wọn kò sì yà á mọ́. Bob Marley, tó kú ní 1981, gbé orin wọn káàkiri ayé. Ní 1982, Alpha Blondy, ará Kódífúà, gbé àwo tirẹ̀ jáde, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa sì ń gbọ́ ọ. Bí irun náà ṣe dé nìyẹn. Àwa fúnra wa la fi orúkọ Dàda pè é.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn Ràsítà kò lo oògùn kankan. Irun aláwọ̀ dúdú ń ká bí okùn tí a lọ́. Bí a kò bá yà á, yóò di ara rẹ̀ mú. Òyìnbó tó fẹ́ irú irun yìí ló ní ìṣòro. Irun tirẹ̀ nà, ó sì ń yọ̀. Bí wọ́n bá lọ́ ọ láàárọ̀, ó lè tú kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà ni àwọn onídìrí ìlú wọn, àti ti Jàpáánù, fi ń lo pẹ́ẹ̀mù láti bẹ̀rẹ̀ dàda.

Kí ni pẹ́ẹ̀mù? Karl Nessler, onídìrí ará Jámánì, ló kọ́kọ́ fi í han àwọn ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1905. Iná ló ń lò nígbà náà. Orí aya rẹ̀ ló ti dán an wò, irun obìnrin náà sì jóná ní ìgbà méjì àkọ́kọ́. Sùúrù obìnrin yẹn pọ̀! Ní 1938, ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Willatt, ṣe irú èyí tí kò lo iná, oògùn nìkan.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nínú fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan, ìdè kéékèèké pọ̀. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí irun kan nà, kí òmíràn ká. Oògùn kìíní ń tú ìdè wọ̀nyí. Onídìrí á ti ká irun náà bí ó ṣe fẹ́. Oògùn kejì á tún so ìdè náà, ṣùgbọ́n ní ipò tuntun. Ẹni tó ti hun apẹ̀rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n: a ń rẹ igi sómi kí ó lè tẹ̀, bí ó bá gbẹ tán, kì í nà mọ́. Bí dàda ni onídìrí náà fẹ́ ṣe, yóò pín irun sí ìdì kéékèèké, yóò lọ́ wọn kí wọ́n ta kókó, kí ó tó da oògùn sí i.

Ìpara tó ń na irun ní ìtàn tirẹ̀. Garrett Morgan, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Wọ́n ní ó ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ jó aṣọ. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ onírun, ó sì rí i pé irun aṣọ náà nà. Ní 1913 ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tà á. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ń po sódà mọ́ ẹyin àti ọ̀dùnkún nínú ilé. Malcolm X sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, tó jáde ní 1965, bí ó ṣe ta á lórí tó. Sódà yìí náà ni wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń tà títí di òní.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Àwọn Faransé ń pe oògùn tó ń ká irun ní permanente. Wọ́n ń pe nínà irun ní défrisage. Ní Nàìjíríà, ìpara tó ń na irun gan-an ni wọ́n ń pè ní pẹ́ẹ̀mù. Ṣábẹ̀ sì wà láàárín. Èdè ìwé wa ni Faransé, ọ̀pọ̀ ọjà wa ń ti Nàìjíríà wá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń fi pẹ́ẹ̀mù bẹ̀rẹ̀ dàda, tó sì ra ìpara Nàìjíríà, ohun tó fẹ́ kí ó ká ni yóò nà. Awọ orí rẹ̀ sì lè bó. Bí wọ́n bá tún da oògùn tó ń ká irun lé irun tí sódà ti nà, irun náà yóò já. Ìdè tí sódà ti bàjẹ́ kì í so mọ́.

Ó tún ku ọ̀kan. Ní 2022, àwọn oníwàdìí ìlera ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí obìnrin tó lé ní 33,000. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé, nínú 100 obìnrin tí kò lo oògùn tó ń na irun, bíi 2 ni yóò ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ kí wọ́n tó pé 70 ọdún. Nínú 100 tó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, bíi 4 ni. Wọn kò tí ì sọ pé oògùn náà ló fà á dájú.

Onídìrí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi oògùn kankan bẹ̀rẹ̀ dàda lórí irun tiwa. Omi, òòyà àti ìka ọwọ́ ló ń lò. Yóò lọ́ ọ, oníbàárà yóò sì máa padà wá kí ó tún un lọ́, títí oṣù díẹ̀ yóò fi kọjá tí irun náà yóò mú ara rẹ̀. Ẹni tó ti na irun tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò dúró pẹ́. Irun ń gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, yóò ní bíi mẹ́fà tí sódà kò kàn. Wọ́n á gé orí èyí tó nà dànù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.