Àfín Erè àti Ẹ̀kọ́ Àjogúnbá

Láti Gánà, Tógò àti Benin ni wọ́n ti ń kó erè kékeré tó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù lọ sí Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ní 1992, Bob Clark fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé erè ń jogún àfín. Nígbà tó yá, àwọn olùsìn mú àfín gun irú àfín mìíràn tí wọ́n ń pè ní lavender. Ọmọ wọn kò di àfín, nítorí apilẹ̀-àbùdá tó bàjẹ́ lára akọ pé lára abo.

Ti ènìyàn pàápàá kò yàtọ̀: láti 1952 ni Trevor-Roper, dókítà ojú, ti kọ nípa tọkọtaya àfín tí ọmọ wọn kì í ṣe àfín.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àwọn olùkọ́, ẹ má ṣe kọ́ni mọ́ pé àfín méjì, àfín nìkan ni wọn yóò bí. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè sọ aya olóòótọ́ di alágbèrè lójú àwọn àna rẹ̀.