Ẹyin Tó Ń Di Àkùkọ, Ta Ló Ń Jèrè Rẹ̀?

Púpọ̀ nínú àwa tí a kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni kò fojú kan pápá bésíbọ́ọ̀lù rí, ṣùgbọ́n a mọ ìtàn Oakland. Fíìmù Moneyball tó jáde ní 2011 ló mú un dé ọ̀dọ̀ wa: Billy Beane, ọ̀gá ẹgbẹ́ tí kò lówó, fi ìṣirò ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì ò rà, ó sì ń fi wọ́n bá àwọn olówó figagbága. Ta ni nínú wa ni ò ní fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Ó ń pọ́n iṣẹ́ wa lé. Àmọ́ nígbà tí a jókòó ti àwọn nọ́ńbà yẹn fúnra wa, a rí i pé ibì kan wà tí ìtàn náà fò dá.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí 2002. Owó tí Oakland Athletics ń san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọn lọ́dún yẹn jẹ́ bíi mílíọ̀nù 40 dọ́là. Ti New York Yankees lé ní mílíọ̀nù 120. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, Yankees ti gba Jason Giambi, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ Oakland, lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú àdéhùn ọdún méje tó jẹ́ mílíọ̀nù 120 dọ́là. Owó ẹnì kan ṣoṣo yẹn tó láti fi bọ́ gbogbo Oakland fún ọdún mẹ́ta. Johnny Damon náà ti kọjá sí Boston, Jason Isringhausen ti gba St. Louis lọ. Síbẹ̀, Oakland borí nínú eré 103, iye kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú Yankees. Wọ́n tilẹ̀ borí lẹ́ẹ̀mejì-dín-lógún, wọ́n fi méjì kún un, ó di ogún léraléra! Nínú eré ogún yẹn, wọ́n ti fi 11 sí òdo ṣíwájú Kansas City, wọ́n sì jókòó tẹtẹrẹ títí Kansas City fi bá wọn ní 11 sí 11. Scott Hatteberg ló wá gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá, tí eré fi parí.

Hatteberg yìí gan-an ni àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn ń mú wá. Ìgúnpá rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, ọjà rẹ̀ sì ti kú. Ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá jù ú síta lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni tó di igi mú yóò rọra rìn lọ sí béèsì àkọ́kọ́ láì gbá nǹkan kan. Àwọn tó ń fi ojú lásán wo ọmọ kò ka ìyẹn sí ọgbọ́n. Bill James, ẹni tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀wà alágolo lóru ní Kansas, ti ń kọ̀wé lórí irú nǹkan báyìí láti 1977. Oakland gbọ́, wọ́n sì ra Hatteberg ní owó pọ́ọ́kú.

Gbogbo ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń ju bọ́ọ̀lù fún Oakland? Barry Zito, Tim Hudson àti Mark Mulder ni. Ọdún yẹn, Zito gba ẹ̀bùn ajubọ́ọ̀lù tó dára jù ní American League, Miguel Tejada sì gba ti agbábọ́ọ̀lù tó wúlò jù. Kì í ṣe pé ẹlòmíì ò rí àwọn wọ̀nyí. Wọ́n kàn jẹ́ ọmọ tuntun ni, òfin sì sọ pé ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́fà kó tó lè ta ara rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ní bíi ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, iye tó bá wu ẹgbẹ́ ni wọ́n máa san, bí kò bá ṣáà ti kéré sí iye tí òfin là kalẹ̀, ìyẹn 200,000 dọ́là ní 2002. Owó Zito lọ́dún yẹn kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, San Francisco Giants fún un ní mílíọ̀nù 126 fún ọdún méje, nígbà tí apá rẹ̀ kò ṣe bíi ti 2002 mọ́.

Nítorí náà, ọgbọ́n Oakland kì í ṣe irọ́, àmọ́ ọ̀yà tí wọn ò san fún àwọn ọ̀dọ́ wọn ló gbé ọgbọ́n náà dúró. Àwa tí a ti ṣe intern rí mọ bó ṣe máa ń rí.

Òfin ọdún mẹ́fà yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Láyé àtijọ́, àdéhùn agbábọ́ọ̀lù jẹ́ ọdún kan, ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè tún un ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e, bí ọmọ náà tilẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Àwọn olówó wá túmọ̀ rẹ̀ sí pé títí láé ni. Ẹni tó ń kọ kóòdù yóò dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: lúùpù tí wọn ò kọ ibi tí yóò ti dúró sí. Ní 1969, St. Louis ní kí Curt Flood, aláwọ̀ dúdú tó ti lo ọdún méjìlá lọ́dọ̀ wọn, kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Philadelphia. Flood kọ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ó sì pàdánù ní 1972, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́ta. Ó ti padà sí pápá fúngbà díẹ̀ ní 1971, kò rọgbọ, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tí ilé ẹjọ́ ò ṣe, onílàjà kan ṣe é. Andy Messersmith gbá gbogbo sáà 1975 láì fọwọ́ sí ìwé, Dave McNally náà kò fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Peter Seitz dá a pé ọdún kan, ọdún kan náà ni. Àwọn olówó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá jókòó ṣe àdéhùn tuntun, Marvin Miller, olórí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, kò bá wọn jà pé kí gbogbo ọmọ di òmìnira lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mọ̀ pé bí ọjà bá kún, iye á já wálẹ̀. Báyìí ni wọ́n fẹnu kò sí ọdún mẹ́fà. Àwọn àgbà rí owó gidi, àwọn ọmọ tuntun sì ń dúró de àsìkò tiwọn. A ò lè dá Miller lẹ́bi tán, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn tí Oakland gbà wọlé.

Ohun tó gbé wa dé ọ̀rọ̀ káàdì nìyí, nítorí ẹni tó ń kó káàdì jọ àti ẹgbẹ́ tí kò lówó, orí ohun kan náà ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ sí. Rookie card, ìyẹn káàdì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù, ló máa ń wọ́n jù. Ẹ rà á nígbà tí kò tíì gbówó lórí, ẹ wá máa gbàdúrà. Ẹyin ní ń di àkùkọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin mìíràn a máa bàjẹ́. Oakland mú Todd Van Poppel ní 1990, wọ́n fún un ní owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, àwọn èèyàn sì ń du káàdì rẹ̀. Nígbà tó fi máa kúrò nínú bésíbọ́ọ̀lù, ó ti borí nínú eré 40, ó sì ti pàdánù 52. Ti Ken Griffey Jr. ló wá yàtọ̀. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí Upper Deck fi í ṣe káàdì nọ́ńbà kìíní wọn ní 1989. Kò tíì wọ fìlà Seattle gba bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá nígbà náà, wọ́n kun fìlà náà sórí fọ́tò rẹ̀ ni. Tẹ́tẹ́ yẹn jẹ.

Kí ni ọmọ tó wà nínú fọ́tò ń gbà? Kí Miller tó dé ní 1966, Topps, ilé iṣẹ́ ṣingọ́ọ̀mù tó ń tẹ káàdì, máa ń fún àwọn ọmọ kéékèèké ní dọ́là márùn-ún kí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé, tí wọ́n bá sì dé líìgì ńlá, dọ́là 125 lọ́dún. Miller ní kí àwọn ọmọ má fọwọ́ sí i mọ́. Ní 1968, Topps gbà láti san 250 àti ìpín nínú ohun tí wọ́n bá tà. Ṣùgbọ́n ìpín yẹn dúró sórí káàdì tuntun. Bí káàdì bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó ní in.

Ẹ wo ti Mickey Mantle. Ní 1952, Topps tẹ káàdì rẹ̀; Bowman ti tẹ tirẹ̀ ní 1951, nítorí náà ti Topps kì í tilẹ̀ ṣe rookie card gan-an. Kò tà. Sy Berger, ẹni tó ṣe é, sọ pé ní 1960 òun kó àwọn tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀ ojú omi, òun sì dà wọ́n sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ní oṣù Kẹjọ 2022, wọ́n ta ọ̀kan nínú èyí tí òkun ò gbé ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Mantle ti kú láti 1995. Owó tó pọ̀ jù tí Yankees san fún un lọ́dún kan jẹ́ bíi 100,000 dọ́là.