Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wo ìjókòó aláwọ

Bí ọdún ilé-ìwé bá ti ń súnmọ́lé báyìí, fóònù mi kì í sinmi. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọkọ̀ kan, ọmọ ń lọ sí college." Kí n tó débẹ̀, ẹni tó pè mí á ti nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà ná, torí pé ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ, òrùlé rẹ̀ ń ṣí, ara rẹ̀ sì ń dán. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Wọn ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà níbí lè rí i wò nígbà tá a bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Camry ọdún 2007, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní "Muscle", wà ní CE, LE, SE àti XLE. CE ni kò ní ohun ọ̀ṣọ́ púpọ̀. LE lẹ máa rí jù. SE, àwọn tó fẹ́ràn eré ni wọ́n ṣe é fún, spring rẹ̀ le, ẹ̀yìn yín á sì sọ fún yín tí ẹ bá kó sí kòtò. XLE ni ti ìgbádùn. Accord ọdún 2003 sí 2007, "End of Discussion" tiwa, náà ní DX, LX àti EX, EX-L sì ni EX tó ní ìjókòó aláwọ. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé àwọn lẹ́tà yìí ò sọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú. LE lè jẹ́ 4-cylinder, ó sì lè jẹ́ V6. Yàtọ̀ síyẹn, lẹ́tà téèyàn lè rà kó sì lẹ̀ mọ́ búùtù ni. Nọ́ńbà VIN ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ dírẹ́bà, ó tún wà lára ilẹ̀kùn. Ìkẹwàá rẹ̀ ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Tí ti gíláàsì, ti ilẹ̀kùn àti ti ìwé ọkọ̀ ò bá bára mu, ẹ máa bọ̀ nílé.

Kí ló dé tí mo fi ń da ọ̀rọ̀ ọdún láàmú tó báyìí? Torí pé "Muscle" kan yàtọ̀ sí "Muscle" kejì. Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú Camry 4-cylinder ọdún 2007 sí 2009 gbajúmọ̀ fún ọ́ìlì mímu. Písítíìnì àti ríìngì rẹ̀ ló fa á, ọ́ìlì á máa gòkè lọ jóná pẹ̀lú epo. Toyota fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe ètò kan ní nǹkan bí ọdún 2015 láti máa pààrọ̀ písítíìnì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ètò yẹn ti parí tipẹ́. Ní ọdún 2010 wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì yẹn kúrò, wọ́n fi 2.5 rọ́pò rẹ̀, ó sì sàn jìnnà. Nítorí náà, tó bá jẹ́ owó tèmi ni, LE ọdún 2010 tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ aṣọ lásán ni màá rà, màá fi XLE ọdún 2008 tó ń dán bíi dígí sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé kan ti bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ṣì dúró lórí ẹ̀.

V6 3.5 inú Camry yẹn lágbára gan-an, àmọ́ nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, páìpù ọ́ìlì kan wà tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Tí rọ́bà yẹn bá bẹ́ lójú ọ̀nà, ọ́ìlì á dà tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi onírin rọ́pò rẹ̀.

Ní ti Accord "End of Discussion", 4-cylinder rẹ̀ ń lo ṣéènì, V6 ń lo bẹ́líìtì tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ní nǹkan bí 105,000 máìlì tàbí ọdún méje. Bẹ́líìtì yẹn bá já, ẹ́ńjìnnì á fọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti pààrọ̀ rẹ̀, kó mú rìsíìtì wá. Gíà V6 ọdún 2003 àti 2004 náà ní wàhálà, Honda ṣe recall lé e lórí ní 2004. Sonata ọdún 2011 sí 2014 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.4, ẹ ṣọ́ra fún un: èérún irin tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì lè dí ọ̀nà ọ́ìlì, recall wáyé ní 2015, òmíràn tún wáyé ní 2017.

Láti mọ ẹ́ńjìnnì tó ti ń rẹ̀, àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ sọ fún olówó ọkọ̀ pé kó má tan án sílẹ̀ dè yín. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ẹ bi í léèrè ohun tó ń fi pamọ́. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ kẹ́ ẹ tó tan ọkọ̀. Ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ààlà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sáfíìsì, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wo sàlẹ́ńsà. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò tán tó sì ń rùn dídùndídùn, omi rédíétọ̀ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì.

Gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà níbí láti 1996 ní ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe sí. Àwọn kan máa ń pa iná "check engine" ní òru ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Ẹ̀rọ yẹn á tú wọn fó: á fi hàn pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún mọ́.

Ẹ̀yin ará Houston, ẹ ò tíì gbàgbé ìjì Harvey ti oṣù August 2017. Ọkọ̀ tómi bò lè lọ sí ìpínlẹ̀ míràn kó gba ìwé tó mọ́. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ wo bóòtù abẹ́ ìjókòó bóyá ó dípẹtà, ẹ wo ẹrẹ̀ níbi táyà ìpààrọ̀.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ gidi mú. Accord ọdún 2003 sí 2007 wà lára àwọn ọkọ̀ tí airbag Takata wà nínú wọn, èyí tó lè bẹ́, kí irin inú rẹ̀ sì fọ́n sára dírẹ́bà. Ó ti pa èèyàn. Ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, ẹ tẹ VIN síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jáde pé wọn ò tíì ṣe é, ẹ gbé e lọ fún dílà Honda, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó fi ọmọ sínú rẹ̀, àti pàápàá kẹ́ ẹ tó dì í sínú kọ̀ǹténà fún bàbá nílé.