Míkísà díjítà lórí Wi-Fi: Ohun tó lè gba afẹ́fẹ́ kọjá àti ohun tó yẹ kó gba inú wáyà

Lóde ìnáwó, nílé ìjọsìn àti níbi ètò orí pápá, ó ti wọ́pọ̀ báyìí kéèyàn rí ẹni tó ń tún ohùn ṣe láti orí tablet láàárín èrò, láì dúró nídìí míkísà. Wi-Fi ló ń lò. Ọ̀pọ̀ wá rò pé ohùn gan-an ló ń gba orí Wi-Fi yẹn kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni míkísà díjítà lè fi ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: àṣẹ àti ohùn. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ lè ba ètò jẹ́.

Kí ni àṣẹ?

Àṣẹ ni ohun tí tablet ń sọ fún míkísà: gbé máìkì olórin sókè, pa máìkì kejì. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, Wi-Fi lè gbé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Behringer XR18, fún àpẹẹrẹ, kò ní fader kankan lára. Orí tablet, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń darí rẹ̀.

Bí Wi-Fi bá já, ohùn kò ní dákẹ́, torí inú míkísà ni iṣẹ́ ti ń lọ. Àmọ́ bí máìkì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíì lásìkò yẹn, tablet ò ní lè pa á.

Kí ló dé tí ohùn fi le?

Ní 48 kHz, míkísà ń wọn ohùn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ bit 24, máìkì kan ń gba nǹkan bíi megabit 1.15 ní ìṣẹ́jú àáyá. Máìkì 32 ń gba bíi 37. Wi-Fi tó dáa lè gbé e. Àsìkò ni ìṣòro. Lórí ìkànnì Wi-Fi kan, bí ẹ̀rọ kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dúró. Èyí tó bá sọnù, wọ́n á tún un fi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ fọ́tò lẹ fi ránṣẹ́, ẹ ò ní mọ̀. Tó bá jẹ́ ohùn tààrà, ṣe ló máa gé. Ìdí nìyí tí Dante, ti iléeṣẹ́ Audinate ní Ọsirélíà, fi ń gba inú wáyà.

Tí kò bá sí wáyà ńkọ́?

Fún ìròyìn láti ìta, a máa ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré. Opus, tó jáde lọ́dún 2012, lè ṣiṣẹ́ láti kilobit 6 títí dé 510 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ohùn á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé sítúdíò, nítorí náà ẹ má dá ohùn oníròyìn padà sí etí rẹ̀. Tó bá ń gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn, ó máa kólòlò lórí afẹ́fẹ́.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ètò

• Ẹ lo ráútà tiyín, ẹ má lo Wi-Fi gbọ̀ngàn. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ míkísà.
• Ẹ lo 5 GHz. Lórí 2.4 GHz, ìkànnì 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, fóònù èrò sì ti kún ibẹ̀.
• Ẹ gbé ráútà sókè ju orí èrò lọ, torí ara èèyàn ń gba agbára ìgbì rẹ̀.
• Ẹ so ráútà àti míkísà mọ́ UPS, torí iná lè lọ nígbàkigbà.
• Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ọn sílẹ̀. Bí Wi-Fi bá já, òun lẹ máa fi pa máìkì.