Lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń kọ lóru, tí kò sẹ́ni tó ń kà á

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ bá jíṣẹ́ tán, tó padà wálé láti ròyìn bí nǹkan ṣe lọ, tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé, ta ni yóò gbọ́ ìròyìn náà? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru nígbà tí ẹni tó ni wọ́n ti sùn, wọ́n ń kọ lẹ́tà lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, lẹ́tà náà sì ń kó jọ sínú àpótí kan tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ pé ó wà. A gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nítorí pé ohun tó lè bá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣòfò kì í ṣe kékeré.

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Windows ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ní ọ́fíìsì àti ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ìdílé Unix ni a ń sọ. Ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, gbé jáde lọ́dún 1991, tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀. Linux yìí ló wà nínú púpọ̀ jù lọ lára àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró. Ọ̀fẹ́ sì ni, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan náà lè lò ó.

Nínú Unix àti àwọn ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan wà tí kì í sùn. Cron ni orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú Unix Version 7 tó jáde lọ́dún 1979, èyí tí Paul Vixie sì kọ lọ́dún 1987 ni ọ̀pọ̀ Linux jogún. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni cron máa ń yẹ ìwé iṣẹ́ kan wò, èyí tí wọ́n ń pè ní crontab, láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan ti tó àkókò. Ìlà kan ni fún iṣẹ́ kan. Nǹkan márùn-ún ló ń ṣáájú lórí ìlà náà: ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ nínú oṣù, oṣù, àti ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé ló kẹ́yìn. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

0 2 * * * /home/akowe/daako.sh

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní aago méjì òru, lójoojúmọ́, kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tó wà nínú fáìlì daako.sh. Àmì ìràwọ̀ dúró fún gbogbo ọjọ́ àti gbogbo oṣù.

Ibi tí lẹ́tà ti wọlé nìyí. Ní aago méjì òru, kò sí ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ náà lè fi ọ̀rọ̀ hàn. Nítorí náà, cron a kó gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà bá sọ jọ, ìbáà jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ìbáà jẹ́ igbe ìkùnà, a sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà sí ẹni tó ni crontab. Bí wọn kò bá yí ètò náà padà, lẹ́tà yìí kì í jáde nílé. Kì í dé Gmail tàbí Yahoo. Inú kọ̀ǹpútà kan náà ni ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ń gbà á ń gbé, inú fáìlì kan lábẹ́ /var/mail tàbí /var/spool/mail ni wọ́n sì ń kó o sí. Àṣà yìí ti pẹ́. Àṣẹ tó ń jẹ́ mail wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà Unix àkọ́kọ́, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò, tí wọ́n sì ń fi lẹ́tà sílẹ̀ fún ara wọn nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Elegbeka, ní ojú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ifọn, kí ó lè yé wa dáadáa. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ká sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ń kọ owó tí olúkúlùkù dá àti èyí tí olúkúlùkù yá sórí kọ̀ǹpútà Linux. Akọ̀wé wọn, ọ̀dọ́ kan tó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà l'Ọ̀wọ̀, ṣètò pé kí cron máa da àkọsílẹ̀ náà kọ sórí fláàṣì ní aago méjì òru. Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan yọ fláàṣì náà láti lọ fi tẹ ìwé ètò ìsìnkú, kò sì dá a padà. Láti òru ọjọ́ náà ni iṣẹ́ náà ti ń pariwo pé òun kò rí ibi tí òun máa kó ẹrù sí, cron sì ń kọ ọ́ ní lẹ́tà lóròòru. Akọ̀wé ti ríṣẹ́ sí Èkó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àádọ́rùn-ún lẹ́tà ló ti wà nílẹ̀. Bí hard disk kọ̀ǹpútà náà bá wá kú, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ti lọ nìyẹn, àwọn lẹ́tà tó kìlọ̀ sì bá a lọ, nítorí pé orí hard disk kan náà ni wọ́n wà. Màmá tó ti ń dá owó láti ọdún méje, kí ni yóò fi hàn pé òun dá a?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ abúlé nìyẹn. Ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, ṣèèṣì pa àkójọ ìsọfúnni tó ṣe pàtàkì jù fún wọn rẹ́. Wọ́n sáré lọ wo ẹ̀dà tó yẹ kí cron ti máa tọ́jú síbòmíràn, òfìfo ni wọ́n bá. Iṣẹ́ náà ti ń kùnà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹ̀yà 9.2 irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dà á kọ kò bá ẹ̀yà 9.6 tí àkójọ náà ń lò mu. Cron kọ lẹ́tà ìkùnà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ímeèlì wọlé kọ lẹ́tà náà sílẹ̀, torí pé kò ní àmì ìdánilójú tí ètò tí wọ́n ń pè ní DMARC ń béèrè. Kò sẹ́ni tó rí i kà. Ẹ̀dà mìíràn tí òṣìṣẹ́ kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Síbẹ̀, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà náà sọnù, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún aráyé.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àlàáfíà. Bí iṣẹ́ kan kò bá sọ ohunkóhun, cron kì í kọ lẹ́tà. Nítorí náà, bí àpótí lẹ́tà bá ṣófo, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ lọ dáadáa. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ crontab fi /dev/null sí ìparí ìlà, èyí tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n da ọ̀rọ̀ náà nù. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ètò tó ń gbé lẹ́tà, bíi Postfix tàbí Exim, lórí kọ̀ǹpútà náà, nítorí ọ̀pọ̀ Linux òde òní kì í ní in bí èèyàn kò bá fi síbẹ̀. Ní àwọn iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún systemd, tó jáde lọ́dún 2010, ìwé àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ ń lọ dípò lẹ́tà. Àṣẹ journalctl ni wọ́n fi ń kà á.

Àìsí iná tún dá kún un níbi tiwa. Bí iná bá lọ ní aago kan òru, tí kò dé títí di ìdájí, iṣẹ́ aago méjì kò ní wáyé, cron kò sì ní padà ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kọ lẹ́tà pé òun kò ṣe é. Nítorí èyí ni anacron ṣe wà. Bí kọ̀ǹpútà bá jí, anacron a wo iṣẹ́ ojoojúmọ́ tó yẹ kó ti wáyé, a sì ṣe é. Ẹni tí iná rẹ̀ kò dúró sójú kan kò gbọdọ̀ gbára lé cron nìkan.

Kí ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ mail lórí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀, pàápàá ti root, tí í ṣe ọ̀gá gbogbo iṣẹ́. Èkejì, kí ẹ kọ MAILTO sí òkè crontab, pẹ̀lú àdírẹ́sì ímeèlì ẹnìkan pàtó tó ń ṣí ímeèlì rẹ̀ lójoojúmọ́. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ètò tó lè gbé lẹ́tà jáde, kí ẹ sì dán an wò bóyá ó ń dé. Ẹ̀kẹta, kí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì máa sọ ọ̀rọ̀ kan péré bó bá parí, kí lẹ́tà kan lè máa wá láàárọ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà kò bá wá, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà pọ̀ jù, torí pé ẹni tó ń gba ogún lójúmọ́ kì í pẹ́ tí kò fi ní ka ẹyọ kan. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ máa ṣí ẹ̀dà tí ẹ tọ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé nǹkan wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò náà ní ipa tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín, ilé-ìwé ọmọ yín tàbí ilé-ìwòsàn tí ẹ ń lọ bá ń kọ orúkọ àti owó yín sórí kọ̀ǹpútà, ẹ béèrè nípàdé pé: "Ta ló ń ka lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà yìí ń kọ?" Bí wọn kò bá lè dárúkọ ẹnìkan, ẹ rí i pé wọ́n yan ẹnìkan kí ìpàdé tó tú ká.