Àkíyèsí Ọmọ Ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí Ìpìlẹ̀ Ìtọ́jú: Iṣẹ́ Emmi Pikler ní Budapest

Ìfáàrà
Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó máa ń fi ìrọ̀rí ti ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó, tí wọ́n sì ń di ọmọ lọ́wọ́ mú kí ó lè tètè rìn. Èrò wọn ni pé bí a kò bá kọ́ ọmọ, kò ní mọ̀ ọ́n. Emmi Pikler (1902–1984), dókítà àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè Hungary, ta ko èrò yìí. Lójú tirẹ̀, ojú ni olùtọ́jú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lò kí ó tó lo ọwọ́.

Ilé Òpópónà Lóczy
Ní ọdún 1946, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Pikler dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní òpópónà Lóczy ní Budapest fún àwọn ọmọ tí kò ní òbí tàbí tí òbí wọn kò lè tọ́jú wọn. Ewu wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀: ọmọ lè yó, kí ara rẹ̀ sì mọ́, síbẹ̀ kí ó má dàgbà bí ó ti yẹ nítorí pé kò sí ẹni tí ó fara balẹ̀ tì í. Àwọn nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń ṣe ìtọ́jú bí ẹni tí ń sáré parí iṣẹ́. Pikler dá wọn dúró, ó gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí kò kọ́ iṣẹ́ náà rí, ó sì kọ́ wọn fúnra rẹ̀.

Ìlànà Àkíyèsí
Bí olùtọ́jú bá ń wẹ ọmọ tàbí tí ó ń fún un lóúnjẹ, kò gbọdọ̀ kánjú. Yóò sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe fún ọmọ, yóò sì dúró de èsì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọmọ yóò máa ṣeré fúnra rẹ̀. A kì í gbé e jókòó títí yóò fi lè dá jókòó. Olùtọ́jú a máa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: ọjọ́ tí ọmọ dá ara rẹ̀ yí padà, ọjọ́ tí ó rákò, ọjọ́ tí ó dìde. Nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1968, Pikler gbé àkọsílẹ̀ nípa ọ̀pọ̀ ọmọ kalẹ̀ láti fi hàn pé ọmọ lè dé orí ìrìn láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ síra.

Àgbálọgbábọ̀
Ní ọdún 2011, ilé náà ṣíwọ́ gbígba ọmọ sí ibùgbé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà. Àkíyèsí kì í ṣe ìdánwò tí a fi ń fi ọmọ kan wé èkejì. Òun ni olùtọ́jú fi ń mọ ohun tí ọmọ ti lè dá ṣe, kí ó má baà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni olùkọ́ ọmọdé yóò fi mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó káwọ́ rẹ̀ kò.